Àlọ́ Ẹranko Tí Wọ́n Fi Àwòrán Pa

    

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ lónìí, ó rò pé oríkì ni n ó sọ̀rọ̀ lé lórí, tàbí aṣọ òkè. Mo ní rárá, ìwé àlọ́ àwọn Gíríìkì ni mo fẹ́ sọ. Ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Mà, ọjọ́ àṣà Yorùbá ni o." Mo ní mo mọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ fara balẹ̀ fún mi, ẹ ó rí ibi tí mo ń lọ.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin wá sùn mọ́jú lọ́dọ̀ mi. Ọmọ ọdún 6 ni. Nígbà tó di alẹ́, mo ní kó jókòó kí n pàlọ́ fún un. Mo ní, "Àlọ́ o!" Ó ń wò mí. Mo kọ́ ọ pé "Àlọ̀!" ni yóò fi dá mi lóhùn. Ó dá mi lóhùn, inú rẹ̀ sì dùn. Ni mo bá gbé e kalẹ̀. Mo ní àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá, ọkọ Yánníbo. Mo sọ bí Ìjàpá ṣe lọ bá Erin nínú igbó, tó ní wọ́n fẹ́ fi í jọba nílùú, tó ń kọrin níwájú, tí Erin ń jó tẹ̀lé e lẹ́yìn, títí Erin fi jìn sí kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ dè é.

Ọmọ yìí dá mi dúró. Ó ní, "Màmá Àgbà, ìyẹn kì í ṣe ìjàpá. Ìjàpá kì í tan èèyàn jẹ. Ó máa ń rọra rìn ni, kì í sì í jẹ́ kó sú òun. Òun ló borí ehoro." Mo ní ti ibòmíràn nìyẹn, pé Ìjàpá tiwa, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Kò gbà. Ó sáré lọ sídìí báàgì rẹ̀, ó mú ìwé kan jáde, ó ṣí i, ó sì na ìka sí i. Ìjàpá nìyẹn lóòótọ́, tó dúró níbi tí eré ìje parí sí, tó ń rẹ́rìn-ín, tí gbogbo ẹranko ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Ẹ wò ó. Òun nìyí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n sọ? Ọmọ náà mú ẹ̀rí wá. Èmi ò ní àwòrán kankan tí mo lè fi dá a lóhùn.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ wá mú un láàárọ̀, mo ń fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, èmi náà ò mọ̀. Ẹ ò pàlọ́ fún mi rí."

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 5, olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Ó ní èdè méjì ló ń da ọmọ náà láàmú, kí n máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan fún un nílé. Lónìí, àwọn onímọ̀ ti sọ ọ́ yéké pé èdè méjì kì í ba ọmọ jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà náà, àjòjì ni mí, ẹ̀rù sì ń bà mí kí ọmọ mi má baà rẹ̀yìn láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo gbà. Mo pa Yorùbá tì lẹ́nu ọ̀nà, mo pa àlọ́ tì mọ́ ọn. Àwọn ìwé tó ní àwòrán ni mo ń lọ yá ní ilé ìkàwé àdúgbò wa, tí mo ń kà fún un kó tó sùn. Èyí tó fẹ́ràn jù ni àlọ́ Aesop. Nígbà tó yá, èmi náà ríṣẹ́ sí ilé ìkàwé, níbi tí mo ti fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, mo mọ àwọn ìwé yìí dáadáa. Mo fẹ́ sọ ìtàn wọn fún yín, nítorí pé ìtàn wọn ni yóò jẹ́ ká mọ bí ìjàpá wọn ṣe gba ipò Ìjàpá wa nínú yàrá àwọn ọmọ wa.

Ta ni Aesop? Herodotus, òpìtàn Gíríìkì tó gbé ayé ní ohun tó lé ní 2,400 ọdún sẹ́yìn, sọ pé ẹrú ni. Ó ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Iadmon ní erékùṣù Samos ló ni ín, àti pé ìlú Delphi ni wọ́n ti pa á. Àwọn kan ti sọ láti ayé àtijọ́ pé èèyàn dúdú ni, pé orúkọ rẹ̀ jọ orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń pe àwọn ará Etiópíà. Àwọn ọ̀mọ̀wé òde òní kò fara mọ́ ọn. N kò ní torí pé ó wù wá kó jẹ́ tiwa kí n wá purọ́ fún yín níwájú ọmọ. Ohun tó dá mi lójú ni pé ẹni tí kò lómìnira ni wọ́n sọ pé ó jẹ́, àti pé ẹnu lásán ni wọ́n fi ń pa àlọ́ rẹ̀. Kò kọ ìwé kan sílẹ̀ fún wa. Plato sọ pé nígbà tí Socrates wà lẹ́wọ̀n, tó ń retí ikú, àlọ́ Aesop ló ń sọ di ewì. Ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, Demetrius ará Phalerum kó àwọn àlọ́ náà jọ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ìwé náà ti sọnù. Ẹni tó wá fi èdè Látìn kọ ọ́ ní ewì, tí tirẹ̀ sì wà títí dòní, ni Phaedrus. Ẹrú ni òun náà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní agbo ilé Augustus ọba Róòmù. Ẹrú ló pa á, ẹrú ló kọ ọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, n ó padà sí i.

Àwòrán ti ń tẹ̀ lé àwọn àlọ́ yìí kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìwé títẹ̀. Aṣọ gígùn kan wà tí wọ́n ń pè ní aṣọ Bayeux, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe ọnà sí ní ọ̀rúndún kọkànlá. Ìtàn ogun tí wọ́n fi gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 ló wà láàárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo etí aṣọ náà, ẹ ó rí kannakánná àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ẹ ó sì rí wàràkàsì tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi ìyìn ẹ̀tàn gbà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọba ń jà láàárín aṣọ, àwọn ẹranko ń pàlọ́ létí aṣọ.

Nígbà tí ìwé títẹ̀ dé, Aesop wà lára àwọn ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ fi àwòrán sí. Ní nǹkan bí ọdún 1476, ní ìlú Ulm ní Jámánì, dókítà ìlú náà, Heinrich Steinhöwel, kó àwọn àlọ́ náà jọ ní èdè Látìn àti èdè Jámánì. Johann Zainer ló tẹ̀ ẹ́, àwòrán inú rẹ̀ sì tó 200. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Wọn yóò ya àwòrán sórí pákó, wọn yóò fi ọ̀bẹ gbẹ́ ibi tó yẹ kó funfun kúrò, ilà àwòrán nìkan ni yóò yọ sókè. Wọn yóò to pákó náà mọ́ àárín lẹ́tà ìtẹ̀wé, wọn yóò fi tàdáwà pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ àti àwòrán jáde pọ̀ lójú ìwé kan náà. Ẹni tí kò mọ̀wé kà lè wo àwòrán, kí ẹlòmíràn máa kà á sí i létí.

Àwòrán wọ̀nyẹn rìn jìnnà. Wọ́n dà wọ́n kọ ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní 1480, nígbà tí Julien Macho túmọ̀ ìwé náà sí Faransé. Láti inú Faransé yẹn ni William Caxton, ẹni tó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti túmọ̀ tirẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní Westminster ní 1484, òun náà pẹ̀lú àwòrán tí wọ́n dà kọ. Bí ẹ bá ya àwòrán tí wọ́n ti tẹ̀ sórí pákó tuntun bó ṣe rí gan-an, tí ẹ gbẹ́ ẹ, tí ẹ tẹ̀ ẹ́, yóò yí padà bíi ti inú dígí. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ti ń kọjú sí ọ̀tún yóò wá kọjú sí òsì. Ṣùgbọ́n kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà ni. Àlọ́ náà kò dúró ní Yúróòpù nìkan. Ní 1593, àwọn àlùfáà Jesuit tẹ Aesop ní èdè Jàpáánì ní Amakusa. Ní 1659, àwọn ará Jàpáánì fúnra wọn ti ní tiwọn tó ní àwòrán.

Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwo bàbà dípò pákó. Èyí yàtọ̀. Pákó, gbígbẹ́ ni, ohun tó yọ sókè ló ń tẹ̀. Bàbà dà bí igbá tí àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ máa ń fín, inú ilà tó jìn ni tàdáwà ń wọ̀. Ilà rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì dán, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, owó rẹ̀ sì pọ̀. Francis Barlow, ẹni tó mọ ẹyẹ àti ẹranko yà, ṣe Aesop kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1666 ní èdè mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Látìn, àwòrán inú rẹ̀ lé ní 100. Ọdún yẹn gan-an ni iná ńlá jó Lọ́ńdọ̀nù, púpọ̀ nínú ìwé náà sì jóná. Barlow kò jókòó ti eérú. Ó tún un ṣe jáde ní 1687. Ẹni tó kọ ewì tó wà lábẹ́ àwọn àwòrán náà ni Aphra Behn, obìnrin tó jẹ́ pé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1688, ló tẹ ìwé Oroonoko, ìtàn ọmọ ọba Áfíríkà kan tí wọ́n tà lẹ́rú.

Títí di ìgbà náà, àgbà ló ń ra irú ìwé wọ̀nyẹn jù. Ẹni tó sọ ọ́ gbangba pé ọmọdé ló yẹ kó ni ín ni John Locke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ ọmọ, ní 1693, ó ní bí ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀wé kà, Aesop ló dára jù láti fún un, àti pé bí àwòrán bá wà nínú rẹ̀, yóò dùn mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kò sí bí ọmọ ṣe lè gbádùn ọ̀rọ̀ nípa ohun tí kò rí rí. Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí bá wa wí. Báwo ni ọmọ tí a bí síbí, tí kò rí kòtò ọdẹ rí, tí kò wọ igbó rí, ṣe fẹ́ rí Ìjàpá àti Erin lọ́kàn rẹ̀?

Lẹ́yìn Locke, ilẹ̀kùn ṣí. Thomas Bewick ti agbègbè Newcastle tún padà sí igi, ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n tirẹ̀. Dípò pákó tí wọ́n là ní gígùn, igi líle tí wọ́n gé ní ìdábùú, bí ẹni gé iṣu, ni ó ń lò, ó sì ń fi irin ṣónṣó fín in. Irun ara ajá, ìyẹ́ ẹyẹ, ewé, gbogbo rẹ̀ hàn kedere, ó sì tún ṣeé tò mọ́ lẹ́tà. Aesop rẹ̀ jáde ní 1818, oko àti odò ìlú rẹ̀ sì ni ẹ ó rí lẹ́yìn àwọn ẹranko Gíríìkì náà. John Tenniel ya tirẹ̀ ní 1848, kó tó ya Alice ní 1865. Walter Crane ṣe ti àwọn ọmọ kéékèèké ní 1887, aláwọ̀ mèremère, pẹ̀lú ewì oníìlà márùn-ún. Arthur Rackham ṣe tirẹ̀ ní 1912. Milo Winter ṣe tirẹ̀ ní Chicago ní 1919, èyí tí ẹgbàágbèje ọmọ Amẹ́ríkà fi mọ Aesop. Ẹ kíyè sí i: ìran kọ̀ọ̀kan tún un yà. Wọn kò sọ pé, "Ṣebí àwọn bàbá wa ti yà á." Nítorí náà ni kò fi gbó.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín bí àwòrán ṣe lágbára tó. Gbogbo wa mọ àlọ́ ajá tó gbé ẹran sẹ́nu, tó rí òjìji ara rẹ̀ nínú omi, tó rò pé ajá mìíràn ni, tó fẹ́ gba ẹran tìyẹn, tí tirẹ̀ sì bọ́ sómi. Níbo ni ajá náà dúró sí? Ẹ ó ní orí afárá. Ṣùgbọ́n Phaedrus sọ pé ṣe ni ajá ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá odò. Ẹ rò ó wò. Ajá tó ń lúwẹ̀ẹ́, tó ń da omi rú, báwo ló ṣe fẹ́ rí òjìji rẹ̀? Ẹni tó ń fi ẹnu pàlọ́ lè fo ibẹ̀ kọjá, kí ẹnikẹ́ni má bi í. Ayàwòrán kò lè fò ó. Ó gbọ́dọ̀ fi ajá síbì kan. Àìmọye ayàwòrán ti fi í sórí afárá, àwa náà sì ń pa á báyìí láìmọ ibi tí afárá ti wá. Àwòrán a máa tún àlọ́ ṣe. Ó sì lè gba àlọ́ mọ́ni lọ́wọ́, bó ṣe gba Ìjàpá mọ́ mi lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Èyí mú mi dé ọ̀dọ̀ Jerry Pinkney. Èèyàn dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni, wọ́n bí i ní Philadelphia ní 1939, ó sì kú ní 2021. Ní 2009 ó ṣe ìwé kìnnìún àti èkúté jáde. Àlọ́ Aesop náà ni, kìnnìún tó dá èkúté sí, tí èkúté sì wá gé okùn fún un nígbà tó kó sí páńpẹ́. Ṣùgbọ́n Pinkney kò kọ ìtàn kankan sínú rẹ̀. Igbe ẹranko nìkan ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Èèpo ìwájú ìwé náà pàápàá kò ní orúkọ ìwé, ojú kìnnìún ló kún un. Ó sì gbé àlọ́ náà kúrò ní Gíríìsì, ó gbé e lọ sí pápá Serengeti ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí kìnnìún ń gbé. Ní 2010, ìwé náà gba àmì ẹ̀yẹ Caldecott, èyí tó ga jù tí wọ́n ń fún ayàwòrán ìwé ọmọdé ní Amẹ́ríkà. Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí i. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín pẹpẹ ìwé. Mo ní, ẹ wo ọkùnrin yìí, kò tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àlọ́ ẹrú àtijọ́ ni, ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló wá yà á sí ilẹ̀ tó wù ú.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìjàpá. Aesop ní ju ìjàpá kan lọ. Ọ̀kan ni èyí tó borí ehoro. Òmíràn ni èyí tó bẹ ẹyẹ idì pé kó kọ́ òun ní fífò, tí idì gbé e lọ sókè réré, tó jọ̀wọ́ rẹ̀, tó sì fọ́ yángá. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ àlọ́ nílé mọ̀ pé àwa náà ní ti ẹ̀yìn Ìjàpá tó fọ́, tí wọ́n tún tò pọ̀. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni jí ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá rí ẹ̀yìn ìjàpá tí ó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ó di dandan kó bèèrè ohun tó ṣe é.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí G. K. Chesterton kọ sí ìwé Rackham ní 1912, ó sọ pé ẹranko inú irú àlọ́ yẹn dà bí ọmọ ayò ṣẹ́ẹ̀sì, kìnnìún gbọ́dọ̀ lágbára, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbọ́dọ̀ lárékérekè, kò gbọ́dọ̀ yí padà. Ìjàpá tiwa kì í ṣe ọmọ ayò. Lónìí ó borí, lọ́la ó tẹ́. Ó gbọ́n, ó sì gọ̀. Ó fẹ́ràn Yánníbo, ó sì ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́ ọn lójú. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ sí Kúbà, wọn kò lè gbé àpótí, wọn kò lè gbé ìwé, ṣùgbọ́n Ìjàpá bá wọn wọ ọkọ̀. Lydia Cabrera, ọmọ Kúbà tó gba irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tẹ ìwé kan jáde ní 1971 tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Ayapá. Ẹ pè é sókè, ẹ ó gbọ́ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí wọ́n dè lọ́wọ́ dè lẹ́sẹ̀ pàlọ́ fún ọmọ rẹ̀ ní Kúbà. Èmi tí mo fi ìwé ìrìnnà wọ ọkọ̀ òfuurufú wá, olùkọ́ kan sọ gbólóhùn kan, mo dákẹ́. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Kò sí pé a kò ní ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá ti kó àlọ́ Ìjàpá jọ fún wa láti àwọn ọdún 1970. Bruce Onobrakpeya, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọnà, ya àwòrán sí ìwé Fágúnwà tí Wole Soyinka túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ẹni tó bá ti rí i mọ̀ pé igbó Yorùbá ṣeé yà. Àwọn kan sì ń ṣe ìwé àlọ́ jáde lónìí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ mi kò rí ọ̀kan nínú báàgì rẹ̀, ọmọ ọmọ tiyín náà ńkọ́?

Ìdí nìyí tí mo fi wá bẹ ẹgbẹ́ yìí lónìí. Mo fẹ́ kí a ṣe ìwé àlọ́ kan, tiwa, kí ó tó di ọjọ́ àṣà tó ń bọ̀. Kí ilé kọ̀ọ̀kan mú àlọ́ kan wá. Kí ẹ gba ohùn àwọn ìyá àti bàbá wa sílẹ̀ lórí fóònù yín, pẹ̀lú orin rẹ̀, nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń gbé e. Kí Yorùbá ṣáájú, kí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn ya àwòrán rẹ̀. Àtijọ́ ni wọ́n ń gbẹ́ pákó 200, lónìí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà nínú ilé púpọ̀ nínú wa.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní olè ni Ìjàpá, òpùrọ́ ni, ẹ̀kọ́ wo ni ọmọ yóò rí kọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ ojú Ìjàpá. Bí a bá sọ ọ́ di ọmọlúwàbí, a ti sọ ọ́ di ìjàpá ehoro nìyẹn. Ọmọ tó mọ Ìjàpá yóò dá ẹlẹ́tàn mọ̀ bí ó bá pàdé rẹ̀ lójú títì. Àwọn mìíràn yóò ní àlọ́ kì í ṣe ohun àwòrán, ohun ẹnu àti etí ni, pé ìwé yóò pa ègbè lẹ́nu ọmọ. Àwọn yìí ni mo bẹ̀rù jù, nítorí pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ajá orí afárá ti fi hàn wá pé àwòrán máa ń mú ohun kan wá, ó sì máa ń mú ohun kan lọ. Nítorí náà, kí ìwé wa má ṣe jẹ́ èyí tí ọmọ yóò máa dá kà. Kí ojú ìwé àkọ́kọ́ sọ pé àgbà ni yóò kà á, kí ó fi ààyè sílẹ̀ fún ègbè.

Kí n tó jókòó. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí wọ́n tó lọ, mo fún ọmọ náà ní bébà àti pẹ́ńsù. Mo ní, "Ó dára, ìwọ ya Ìjàpá tèmi fún mi." Ó ní kí n tún àlọ́ náà pa. Mo tún un pa. Ó ya Erin, ó gbórí lé e. Ó ya kòtò, ó tẹ́ ẹní lé e lórí. Nígbà tó kan Ìjàpá, ó dá pẹ́ńsù dúró, ó bi mí pé, "Màmá Àgbà, nígbà tó ń purọ́, báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí?" Ó lé ní 60 ọdún tí mo ti mọ àlọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Mo ronú títí. Mo ní, "Ó ń rẹ́rìn-ín." Ó yà á bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi kò tíì jáde. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti wọ bàtà. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Nígbà tí mo dé ibi orin, tí ọmọ náà gbè é, mo gbọ́ ohùn kejì. Ẹni ọdún 40 ó lé ni, kò mọ ọ̀rọ̀ orin náà dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń gbè é.

Àwòrán náà wà lára ògiri ilé ìdáná mi. Òun ni mo fẹ́ kí a fi ṣe ojú ìwé kìíní.